Ọmọ Bátìrì Tó Ń Kú Láàárọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Ọkọ̀ Bàbá tún kú láàárọ̀ yìí. Ní oríta, pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ sínú takisí elépo tó wà lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àná, na ìka sí Bàbá nímú pé wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń wa takisí, kò sẹ́ni tó na ìka sí wọn nímú rí.

Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Mo ní epo ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, mo ní èéfín ń ba àyà wọn jẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí takisí tiwọn ṣáájú. Wọ́n gbà torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Inú ń bí mi gan-an. Mo sì mọ ẹni tó fà á. Kò-Sí-Wàhálà ni. Ọ̀gá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kí n tò ó síbí lẹ́sẹẹsẹ, torí orí mi ti fẹ́ dàrú.

Iṣẹ́ wa ni kí a yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú ọkọ̀ àlòkù, kí a fi ẹ́ńjìnnì oníná rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ oníná tuntun wà, mo mọ̀, ó ń dán gbinrin níbi tí wọ́n ti ń tà á fáwọn olówó. Awakọ̀ takisí wo ló máa rí i rà? Tiwa kò wọ́n, ìdí tí kò sì fi wọ́n ni bátìrì. A kì í ra tuntun. Bátìrì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì, ti kẹ̀kẹ́ oníná, ti ọkọ̀ tó ti fọ́ — a ń kó wọn, a ń tú wọn sí wẹ́wẹ́. Inú ìkọ̀ọ̀kan ni ọmọ bátìrì wà, wọn ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Èyí tó dára ṣì dára gan-an. Èyí tó kú ti kú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Màá ṣáàjì wọn kún. Màá jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí tábìlì mi. Lẹ́yìn náà, màá so gílóòbù mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, màá máa wo mítà bí agbára wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Èyí tó dúró, ọ̀dà funfun. Èyí tó yẹ̀, ọ̀dà pupa. Nọ́ńbà àti ọjọ́ á wà lára rẹ̀, lọ́wọ́ ìkọ̀wé mi. Irínwó ọmọ bátìrì ló ń wọ inú àpótí takisí kan. Tí ogún péré nínú wọn bá jẹ́ òkú, wọ́n á fa àwọn tó kù lulẹ̀, ọkọ̀ á dákẹ́ sójú ọ̀nà.

Inú àgbá ìdàlẹ̀nù ni èyí tí mo bá kùn ní pupa yẹ kó lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni àgbá yẹn ń kún. Láti oṣù kẹsàn-án, kì í kún mọ́. Ibo ni wọ́n ń lọ?

Kò-Sí-Wàhálà ló ń kó wọn pa dà sínú àpótí. Kí iṣẹ́ lè yá, kí ó lè máa sọ fáwọn awakọ̀ pé tiwa ló dín owó jù. Ó ń kó òkú sínú ọkọ̀ bàbá mi.

Màmá ní kí n rọra. Nínú ilé yìí, “rọra” ni orúkọ mi kejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo yọjú wo àgbá ìdàlẹ̀nù. Kò dé ìdajì. Olè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kò-Sí-Wàhálà pè wá jọ sábẹ́ páànù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ awakọ̀ takisí fẹ́ kí a yí ogójì ọkọ̀ pa dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ogójì. Takisí méje péré la ti ṣe, ti Bàbá sì ni àkọ́kọ́. Kó tó di takisí, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré la ń ṣe. Wọ́n á ṣèpàdé ní Ẹtì ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, níbẹ̀ ni wọ́n á ti fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ogójì ọkọ̀ ò ní tú èéfín mọ́ nílùú yìí. Ogójì ìdílé ò ní tò sórí ìlà epo mọ́. Mo ti ń lálàá ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Bàbá ló dúró fún wa níwájú ẹgbẹ́. Wọ́n sọ fún wọn pé, “Ọmọ mi ló ń yẹ bátìrì wò.” Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló mú kí wọ́n gbọ́ tiwa. Kì í ṣe ẹ̀rín Kò-Sí-Wàhálà.

Mo bi í lójú gbogbo wọn pé ibo ni àwọn bátìrì pupa wà. Ó ní inú àgbá. Mo ní àgbá wo. Ó ní kò sí wàhálà. Bí páànù bá ṣí lórí wa, ohun tó máa sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo wa ọkọ̀ Bàbá fúnra mi. Aago kan ọ̀sán títí di aago mẹ́ta. Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kó Màmá àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjì sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Ó ń lọ geere. Kò dákẹ́, kò fà sẹ́yìn.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Kò-Sí-Wàhálà ní, ṣé o rí i báyìí? Ó ní bóyá Bàbá ni kì í fi ọkọ̀ sí iná pẹ́ tó. Mo sọ ohun tí mi ò ní kọ síbí. Jórinjórin, ẹni tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù wa, dá iṣẹ́ dúró, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó tún kú. Aago mẹ́fà kò tíì lù. Òtútù àárọ̀ yìí, èémí ń jáde lẹ́nu bí èéfín, Bàbá àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń kó láfẹ̀mọ́júmọ́ sì ń ti ọkọ̀ lórí títì.

Àwọn awakọ̀ ti sọ Bàbá lórúkọ ní ìdíkọ̀. Bàbá Ẹ-Bá-Mi-Tì-Í. Ọkùnrin kan báyìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí èmi náà ń pè ní Epo-Ò-Ní-Tán, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ọkọ̀ oníná, ohun tó máa ń sọ ni pé epo ò ní tán láyé òun. Bàbá sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ àwàdà. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ẹ̀rín àwọn awakọ̀ yẹn ò tó nǹkan lójú mi. Ẹni tó fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà gan-an ni mo ń bá ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Takisí méjì míràn ti ń ráhùn. Àárọ̀ ni tiwọn náà ń kú. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ṣe lọ́dún tó kọjá ò tíì kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà yẹn, olóòótọ́ ṣì ni Kò-Sí-Wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo jí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níta, wọ́n di okùn iná mú lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó.

“Ṣé o rí mi nígbà tí mo fi èyí sí iná lánàá?”

Mo ní mo rí wọn.

“Ó dá ọ lójú?”

Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n mi orí. Mo wá rí páálí kan tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i lára, ìlà kan fún ìrọ̀lẹ́ kan. Tí wọ́n bá ti fi ọkọ̀ sí iná, wọ́n á fa ìlà. Tí wọ́n bá jí, wọ́n á wá wò ó bóyá àwọn fà á.

Bàbá tó bí wọn lọ́mọ, orí ló lọ lára rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ó ń gbàgbé ọ̀nà ilé. Bàbá ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ìlà yẹn.

Mo sunkún nínú balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbínú tún dé, ó sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pè é ní olè lójú ara rẹ̀. Ní àárín ṣọ́ọ̀bù, níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà kan. Mi ò sì fi “ẹ̀yin” bá a sọ̀rọ̀. “Ìwọ” ni mo lò. Ìwọ tí o ń kó òkú bátìrì sínú ọkọ̀ àgbàlagbà. Ó ju mí lọ ní ọdún mọ́kàndínlógún.

Mo retí kó lé mi dànù. Kò lé mi. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó gba ẹ̀yìn jáde. Mo ní ẹ ò rí i? Olóòótọ́ ì bá fèsì.

Ara tù mí títí mo fi délé. Nígbà tí mo délé, kò tù mí mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọkọ̀ Bàbá kú. Wọ́n ní kí n má sọ fún Màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo tú àpótí bátìrì náà. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ Kò-Sí-Wàhálà lónìí.

Nínú àgbàlá wa ni, Bàbá di sípánà mú, èmi ń tú nọ́ọ̀tì. Mo ti sọ fún wọn pé tí mo bá rí pupa kan péré, ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ awakọ̀ ni mo ń gbé e lọ tààrà. A gbé ìdérí kúrò. Irínwó. Mo wò wọ́n ní ìlà-ìlà.

Funfun ni gbogbo wọn.

Mo ní ọ̀gá mi ló kun funfun lé pupa. Mo mú ọ̀bẹ, mo họ ọ̀kan, mo họ ìkejì, mo họ tó bí ogún. Kò sí pupa lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára wọn, ọjọ́ wà lára wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Mo mọ bí mo ṣe ń kọ méje mi, ó máa ń ní ìgbànú láàárín.

Bàbá bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní mi ò tíì mọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni?” Mo ní rárá, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Wọn ò gbà mí gbọ́, mo rí i lójú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò pa àpótí náà dé. Mo jí ní ìdájí, mo gbé mítà àti gílóòbù jáde sínú òtútù, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi yọ. Mi ò yẹ gbogbo wọn tán. Ọgọ́rùn-ún kan ni mo yẹ̀ wò. Mọ́kànlélógún yẹ̀. Kì í ṣe pé agbára wọn kàn dín díẹ̀. Gílóòbù ṣú, mítà já wálẹ̀ bí òkúta. Pupa pọ́nbélé.

Àwọn tí mo fúnra mi kùn ní funfun.

Mo jẹun, mo wẹ̀, mo tún pa dà sídìí wọn ní aago méjì ọ̀sán. Oòrùn ti ń ta sí wọn lórí láti àárọ̀. Mo tún àwọn mọ́kànlélógún yẹn yẹ̀ wò. Méjìdínlógún dúró. Gílóòbù tàn rekete. Irọ́ gbáà, ṣùgbọ́n ó tàn.

Mo tò wọ́n pa dà sínú àpótí, mo pa á dé. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mo ń rò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo dúró di ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn bátìrì tó ń sinmi lórí tábìlì mi lábẹ́ fèrèsé. Gbígbóná. Wọ́n gbóná bí ife tíì. Páànù ń jó wọn lókè, oòrùn ń gba ojú gíláàsì wọlé bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yan níbẹ̀ kí n tó fi mítà kàn wọ́n, ọ̀sán gangan ni mo sì máa ń fi mítà kàn wọ́n, torí ìgbà yẹn ni mo ń ríran dáadáa.

Ara gbígbóná a máa jẹ́ kí òkú bátìrì ṣe bí alààyè. Wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọdún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kejì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí.

Kí ó tó di ìparí oṣù kẹjọ, igun òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi ni tábìlì mi wà. Ó tutù níbẹ̀. Èmi ni mo pariwo ọjọ́ mẹ́ta gbáko pé èmi kì í ṣe eku, pé kí wọ́n gbé mi síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n gbé mi sábẹ́ fèrèsé kí n lè dákẹ́. Láti ìgbà yẹn ni àgbá ìdàlẹ̀nù ò ti kún mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kó nǹkan kan. Èmi ni mi ò rí òkú mọ́.

Gbogbo takisí méjèèje. Lẹ́yìn oṣù kẹjọ la ṣe gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Èmi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Kò-Sí-Wàhálà. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Tábìlì, fèrèsé, ooru, méjèèje. Kò yà á lẹ́nu bí mo ṣe rò. Ó kàn jókòó, ó ń yí bíírò lọ́wọ́.

Ó ní kò sí wàhálà. Ó ní kí n gbé tábìlì mi pa dà sí ẹ̀gbẹ́ tánkì, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yan bátìrì mìíràn. Kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ogójì lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó pe àwọn méjèèje wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sọ pé a fẹ́ fọ àpótí wọn, a ó pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àtúnṣe á ṣẹlẹ̀, ojú kò ní tì mí, ogójì ọkọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ epo. Ó ní ta ló máa ṣe ní jàǹbá?

Mo ní Bàbá. Ní gbogbo ìdíkọ̀, wọ́n ti gbà pé Bàbá ò lè rántí fi okùn sí iná. Bàbá fúnra wọn ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí n lọ rò ó.

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń ṣàánú mi. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Oṣù kan ni mo fi pe ọkùnrin yìí ní onírọ́, èmi ló wá ń fún ní irọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo sì fẹ́ gbà á. Kí n kọ ọ́ síbí. Fún bí wákàtí kan lónìí, mo fẹ́ gbà á.

Mo dá gbé tábìlì náà pa dà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bàbá ń kun bàtà fún ìpàdé ọ̀la. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi béèrè pé kí ni mo ń wá. Mo ní omi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ awakọ̀. Àga onírọ́bà, fáànù tó ń dún, àwọn awakọ̀ ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta níye. Kò-Sí-Wàhálà sọ̀rọ̀ ṣáájú, ó sọ ọ́ dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ẹgbẹ́ ní kí ọmọ tó ń yẹ bátìrì wò náà dìde kí wọ́n rí i. Bàbá wà ní ìlà kejì, wọ́n jókòó ṣánṣán.

Mo kí wọn tán, mo ní takisí méjèèje tí a ti ṣe ló ní òkú bátìrì nínú. Mo ní kì í ṣe awakọ̀ ló fà á, kì í ṣe ọ̀gá mi, èmi ni. Mo ṣàlàyé tábìlì. Mo ṣàlàyé ooru. Mo ní ọkọ̀ Bàbá kì í kú torí pé wọ́n gbàgbé, ó ń kú torí pé àárọ̀ tutù, mo sì kun òkú ní funfun. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ sí ogójì lónìí.

Ariwo ta. Wọ́n ní ṣé ẹ rí i báyìí, wọ́n ní ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé ni, wọ́n ní ṣebí obìnrin ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò-Sí-Wàhálà bo ojú. Ẹni tó dìde láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni Epo-Ò-Ní-Tán. Mo múra de èébú.

“Ọdún méjìdínlógún ni mo fi wa ọkọ̀ epo. Ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá, ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú ilé ìwòsàn. Gbogbo àwọn tó ta epo tí wọ́n bomi là fún mi, ta ni nínú wọn tó wá síbí rí láti wá sọ pé ẹ̀bi òun ni?”

Ó jókòó. Kò wò mí.

Wọ́n jiyàn fún wákàtí kan sí i. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí: kí a kọ́kọ́ tún àwọn méjèèje ṣe. Kí ẹgbẹ́ rán awakọ̀ méjì wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń fi mítà wò ó, láfẹ̀mọ́júmọ́, nínú òtútù. Tí oṣù kan bá kọjá tí ọkọ̀ kankan ò kú, wọ́n á fọwọ́ sí mẹ́wàá. Mẹ́wàá, kì í ṣe ogójì. Kò-Sí-Wàhálà jáde láìbá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá fi ọkọ̀ gbé mi délé. Nígbà tí a délé, wọ́n fa páálí yẹn ya kúrò lára ògiri, wọ́n ká a, wọ́n fi há abíyá, wọ́n wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo rò pé Bàbá máa yìn mí. Kí n sọ òótọ́, mo ń retí rẹ̀.

A ń tú àpótí náà lẹ́ẹ̀kejì, èmi ń yọ, wọ́n ń tò ó. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti bẹ ọ̀gá mi. Mo ní mo ti sọ lójú gbogbo ayé pé èmi ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

“O sọ fún ọgọ́ta awakọ̀. Wọn kọ́ lo pè lólè.”

Mo ní ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ kí n purọ́. Bàbá ní ìyẹn wà lọ́rùn tirẹ̀. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ó dùn mí. Inú ń bí mi sí Bàbá, inú ń bí mi sí ara mi, inú ṣì ń bí mi sí Kò-Sí-Wàhálà. Mi ò fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Mi ò fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá

Mo dé ṣọ́ọ̀bù ní aago méje. Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà jókòó sórí táyà, ó ń mu tíì. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn, torí ojú gbogbo wọn ni mo ti pè é lólè. Mo ní, ọ̀gá mi, kí wọ́n foríjì mí. Mo ní mo fi ẹ̀sùn tí kò sí kàn wọ́n, mo sì fi “ìwọ” bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n dìde. Kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó wá sọ ohun tí mi ò retí.

“Mo ti mọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Jórinjórin ló sọ fún mi. Ó gba ìdí tábìlì rẹ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan àwọn bátìrì yẹn, ó ní ṣé ooru yìí kọ́ ló ń ṣi mítà lọ́nà.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

“Ó fẹ́ sọ fún ọ. O ní kó gbé ojú rẹ̀ kúrò lórí ohun tí kò mọ̀, kó lọ máa jó irin rẹ̀. Èmi náà fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o pè mí lólè. Ẹ̀rù ẹnu rẹ ló ń bà wá.”

Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Jórinjórin. Mo ti ṣí ìwé yìí pa dà sẹ́yìn, mo ka gbogbo rẹ̀. Mo bú ọ̀gá mi ní ojú ewé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Jórinjórin kò sí níbẹ̀. Kò tó nǹkan lójú mi débi tí màá fi kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó kéré tán, ọkọ̀ kú mọ́ Bàbá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n bi mí nínú àgbàlá pé ṣé àwọn ni. Àwọn èèyàn yìí mọ̀, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí bàbá mi máa rò pé orí wọn ń lọ. Ìbínú gùn mí láti àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti tò sẹ́nu mi. Mo yíjú sí wọn, mo la ẹnu.

Òòlù Jórinjórin dúró. Ẹni tó ń fọ irin níbi omi pa omi. Kò-Sí-Wàhálà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta. Kò sí ẹnì kan tó wò mí. Wọ́n kàn dúró pé kí n bẹ̀rẹ̀, kí n lè parí rẹ̀, kí wọ́n lè pa dà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo pa ẹnu dé. Mo rìn lọ sídìí tábìlì mi, mo jókòó, mo mú bátìrì kan. Ó pẹ́ gan-an kí òòlù yẹn tó tún dún.